Gọ́tà tó Gba Ojúde Ilé Aláró

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ariwo yín. Ẹ ní kátákata ti dé, ẹ ní wọ́n fẹ́ ri páìpù ńláńlá mọ́lẹ̀ láti ọjà títí dé odò, ẹ ní wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri àwọn aládùúgbò wa. Inú ń bí yín. Ó yẹ kó bí yín. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ mi níhìn-ín ná. Ojú mi ti rí irú èyí rí, nígbà tí kò tíì sí kátákata, tó jẹ́ pé èjìká ọkùnrin ni kátákata.

Ìyàwó ni mí nígbà náà. Ẹ ń wò mí báyìí, ẹ ò lè gbà gbọ́, àmọ́ mo lè ru ìkòkò omi láti odò dé ilé láìfi ọwọ́ kàn án, kí n sì máa bá ẹnìkejì mi ṣàwàdà lọ. Òkàká ni wọ́n ti gbé mi wá sí agbo ilé yìí, nínú Ìsẹ́yìn. Ìsẹ́yìn tí mo bá kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Koríko ni wọ́n fi bo ilé. Agbo ilé so mọ́ agbo ilé débi pé bí ewúrẹ́ bá wọ ilé kan, ilé kẹta ni olówó rẹ̀ á ti bá a. Àwọn ọ̀nà wa ò tọ́. Ẹsẹ̀ èèyàn ló là wọ́n, ẹsẹ̀ èèyàn sì lójú àánú. Bí igi ọ̀dán bá wà níwájú, ọ̀nà á yà fún un. Bí oórì bá wà, ọ̀nà á yà fún un. Bí àgbàlagbà kan bá ti ń tẹ́ ẹní síbì kan tipẹ́tipẹ́, ọ̀nà á yà fún òun náà.

Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, ìró òfì lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ọkùnrin á jókòó sábẹ́ àtíbàbà ní ìlà, òwú gígùn tí wọ́n ta á nà jáde síwájú wọn títí dé àárín ojúde, òkúta á tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lókèèrè. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ gbá òwú náà, etí rẹ̀ á gbóná. Ìró yẹn kì í dá. Ẹni tó bá sùn ti ìró òfì láti kékeré, ìgbà tó bá dákẹ́ ló ń ta jí.

Àwọn obìnrin ló ń ṣe aró, ọ̀gá wọn nínú ilé wa sì ni ìyá ọkọ mi. Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, kì í ṣí. Nígbà Iléyá tí àwa ìyàwó bá fi làálì pa ọwọ́ tiwa ní pupa, á na tirẹ̀ síta, á ní, "Ẹ wò ó, Ọlọ́run ti bá mi lé tèmi." Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, bí wọ́n ṣe ń ṣù ú bí ògìrì, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, tí á máa kán tó, tó, tó, láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá aró ti gbó, á fi ìka kan bọ̀ ọ́, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Èmi náà tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ẹnu mi ò ṣeé fi jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó wọlé. Ẹtù ni bàbá náà ń hun, aró ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pa òwú rẹ̀. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbé òkú bàbá rẹ̀ lọ sínú igbó. Ilé la ń sin wọ́n sí. Wọ́n sin bàbá sí ojúde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá tí èmi àti ọkọ mi ń sùn, níbi tí òfì rẹ̀ máa ń wà nígbà ayé rẹ̀. Àràárọ̀ ni ìyá náà ń gbá ibẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á tẹ́ ẹní síbẹ̀, á máa ran òwú. Bí mo bá bi í ní nǹkan tó le, á ní, "Dúró ná, jẹ́ n bi Bàbá Bùsárì." Bùsárì ni wọ́n ń pe ọkọ mi. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Báyìí la wà tí ìròyìn fi dé pé títì ń bọ̀.

Wọ́n ní òyìnbó ajẹ́lẹ̀ sọ pé ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn máa wọ Ìsẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó tíì rí ọkọ̀ náà nínú wa. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ò lè gba ọ̀nà tó ń yà fún igi, àti pé òjò ló ń jẹ ilẹ̀ ọ̀nà, nítorí náà wọ́n máa gbẹ́ gọ́tà jíjìn kan láti ọjà, gba àárín àdúgbò wa, lọ sódò. Gbogbo agbo ilé ló gbọ́dọ̀ mú ọkùnrin wá. Wọ́n kó èèyàn wá láti Kòmú, wọ́n kó wọn wá láti Òkàká. Mo gbọ́ ohùn ìlú mi nínú orin tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá kí inú mi dùn tàbí kí n sunkún.

Òfì dákẹ́. Ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí tó fi jẹ́ pé ìró dígà nìkan la ń gbọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, a fi ṣẹ̀rín. Gàm̀bàrí kan ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà Ṣakí, káún ni wọ́n rù. Ọ̀kan nínú wọn jìn sí kòtò gọ́tà, ó wá dúró ṣinṣin nísàlẹ̀ bí ẹni tó ti délé. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀, ó ń jẹ koríko etí kòtò. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Àmọ́ kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá afọ́jú kan ní ilé kejì, tó fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ gbogbo ọ̀nà àdúgbò, jáde láti lọ kírun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ilẹ̀ tó mọ̀, ilẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Itan rẹ̀ ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín gọ́tà.

Ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà ni kápítà kan tó wá láti ìsàlẹ̀, lápá Abẹ́òkúta. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, fìlà kan wà tí kì í kúrò lórí rẹ̀. Okùn àti èèkàn ló fi ń wọn ilẹ̀. Bí okùn bá yẹ̀ díẹ̀, á pariwo, "Gbọọrọ! Mo ní gbọọrọ!" Gbọọrọ la wá sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde láti pọnmi, mo rí èèkàn tuntun kan lójúde wa. Àárín ibi tí Ìyá Aláró ń tẹ́ ẹní sí gan-an ni wọ́n kàn án mọ́. Kí n tó lanu, ìyá náà ti dé ẹ̀yìn mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mi èèkàn náà síbí, ó mì ín sọ́hùn-ún, ó fà á tu, ó gbé e lọ sídìí ààrò.

Nígbà tí Gbọọrọ àti àwọn èèyàn rẹ̀ dé, ìyá náà ti jókòó.

"Ìyá, ẹ kú àárọ̀ o," ni Gbọọrọ wí. "Èèkàn kan wà níbí lánàá."

"Ìwọ lo kan igi mọ́ ọkọ mi láyà?"

"Èèkàn ìjọba ni, ìyá."

"Ó ti jóná. Òun ni mo fi se ọbẹ̀. Ṣé kí wọ́n bù fún ọ?"

Àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Gbọọrọ ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó lóṣòó níwájú rẹ̀. "Ìyá, wọ́n ti sọ fún mi pé òkú wà níbẹ̀. Bàbá tèmi náà, inú ilé la sin ín sí. Ṣùgbọ́n omi ò mọ bàbá ẹnì kankan. Bí mi ò bá jẹ́ kó gba ibi tó tọ́, á wá ibi tí kò tọ́ gbà."

"Bó bá dé, kó wá bi mí."

Wọ́n kan òmíràn. Ó fà á tu. Akódà méjì wá láti kóòtù, wọ́n ní bó bá tún dán an wò, wọ́n á mú un lọ, àgbà yòówù kó jẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò fa èèkàn tu mọ́. Ẹní rẹ̀ ló tẹ́ lé e lórí.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó le jù níbẹ̀. Ọkọ mi wà lára àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà náà. Ojoojúmọ́ ni dígà ọwọ́ rẹ̀ ń mú kòtò yẹn sún mọ́ bàbá rẹ̀. Ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, amọ̀ pupa á bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, á jókòó ti oúnjẹ, kò ní jẹ ẹ́.

"Ẹ jẹun," ni mo wí lọ́jọ́ kan. "Ẹni tó máa jà, á kọ́kọ́ yó."

"Ta ni n ó bá jà?" ó dá mi lóhùn. "Bí mo bá gbẹ́ ẹ, bàbá mi ni mo gbẹ́. Bí mi ò bá gbẹ́ ẹ, ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí á gbẹ́ ẹ bí ẹní wa iṣu."

Ọmọ wa, Rábíù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò nígbà náà. Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ tí gọ́tà dé ojúde wa, àdúgbò ò lọ sóko. Ìyá Aláró ti jókòó sórí ẹní rẹ̀, igbá òwú níwájú rẹ̀, ó ń ran òwú. Kòtò ti dé ibi tó jẹ́ pé bó bá na ẹsẹ̀, á kan ẹnu rẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ dúró. Ọ̀kan nínú akódà ní, "Bùsárì, kí lo dúró wò? Gbẹ́ ẹ."

Ọkọ mi fi dígà lélẹ̀. Kò jù ú. Ó fi í lélẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹní gbé ọmọ sùn.

"Mo ní kí o gbẹ́ ẹ!"

"Bàbá mi ni."

Akódà náà fi kòbókò gbà á lẹ́yìn. Ó tún gbà á. Ọkọ mi ò sá, kò sì gbé ọwọ́ sókè. Mo fẹ́ pariwo, àwọn obìnrin ilé di ẹnu mi mú. Mo wo ìyá rẹ̀. Òwú ọwọ́ rẹ̀ ti já, kò mọ̀, ó ń yí ìrànwú náà lófìfo. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ti ń ṣa òkúta. Mo rí baálé wa tó ń sá káàkiri láàárín wọn, tó ń gba òkúta lọ́wọ́ èyí, tó ń bẹ tọ̀hún, "Ẹ má ba ilé wa jẹ́! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá fi ìbọn kó wa!" Akódà kejì ti fọwọ́ kan apá ìyá náà láti fà á dìde. Bó bá fà á, ẹ̀jẹ̀ ni ì bá ṣàn lójúde yìí.

"Fi í sílẹ̀!" Gbọọrọ ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó fo kòtò náà kọjá, ó dúró láàárín wọn. "Fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni." Ó kọjú sí ìyá náà. "Ìyá, n ó mú kí gọ́tà náà tẹ̀. N ó jẹ́ kó yà fún bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ògiri yín ló máa gbà, ibi tó bá sì ti tẹ̀ ni omi á ti máa fo síta. Ilé yín ló máa wọ̀. Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn o."

"Kó wọlé," ni Ìyá Aláró wí. "Kó sáà ti má kan ọkọ mi."

Ó tẹ̀ ẹ́. Gọ́tà tó tọ́ láti ọjà wá, ó dé ojúde wa, ó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n di ọkọ mi lọ sí kóòtù, ó ń ro oko ibẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ fi dé, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nígbà tó délé, a ṣe sàráà. Gbogbo àdúgbò wá kí ìyá náà pé ó ṣe bí akọni. Ìjọba yà fún un! Kí lẹ tún ń wá?

Ẹ̀rùn ò lè sọ ohun tí òjò máa ṣe. Òjò ń rọ̀ ní díẹ̀díẹ̀, omi ń gba gọ́tà lọ, ó ń dé ibi ìgbọ̀nwọ́ yẹn, ó ń bu amọ̀ lára ìpìlẹ̀ ògiri wa. Ọkọ mi ń fi òkúta dí i. Òjò tó bá tún rọ̀ á kó òkúta lọ.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àìlà, mo tẹ́ Rábíù sí yàrá wa, ó ti sùn. Mo lọ gún ẹ̀lú ní ilé kejì. Ojú ọ̀run ṣú láti ìhà òkè, atẹ́gùn ká koríko orí ilé, òjò sì dé bí ẹni pé ẹnì kan da ìkòkò dé lórí wa. Ẹ̀yin ti rí òjò, àmọ́ kò tíì sí gọ́tà tó kó omi ọjà, omi títì, àti omi gbogbo àdúgbò pọ̀ sójú kan, tó wá darí wọn sí yàrá tí ọmọ yín ń sùn.

Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó rí i. Mo sáré. Nígbà tí mo dé ojúde, kò sí gọ́tà mọ́, omi pupa nìkan ni, ó ń fo láti ibi ìgbọ̀nwọ́ yẹn, ó ń wọ ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Omi dé ìbàdí mi nínú yàrá. Ó ṣókùnkùn. Mo pe Rábíù. Ta ni á dáhùn? Mo tẹ ara mi sínú omi, mo ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀. Mo kan ẹní. Mo kan ìrọ̀rí. Mo kan nǹkan rírọ̀ kan, mo gbé e sókè, aṣọ ni. Ògiri ń dún bí ẹní ń jẹ egungun. Mo tún tẹ ara mi sínú omi.

Ọwọ́ kan gbá mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ mi ni. Mo bá a jà. Mo bù ú jẹ lápá, àpá ibẹ̀ ò parẹ́ títí tó fi kú. Ó fà mí jáde, mo ń ké, "Ọmọ mi wà níbẹ̀! Ọmọ mi wà níbẹ̀!" A ò tíì dé àárín ojúde tí ògiri náà fi lọ. Kò dún púpọ̀. Ó kàn jókòó sínú omi bí ẹni tó rẹ̀, òrùlé sì bò ó.

Ọkọ mi fi mí sílẹ̀, ó padà síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán ho amọ̀.

A wà lórí ìyẹn nígbà tí Ìyá Aláró yọ láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn ìkòkò aró rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gíga. Ó fi aṣọ borí. Rábíù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa etí rẹ̀ ṣeré. Ọmọ náà ti jí, ó ti sunkún, ìyá rẹ̀ àgbà sì ti wá pọ̀n ọ́n lọ sídìí aró kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo rí ọmọ mi. Inú omi ni mo jókòó sí.

Ìyá náà wò mí. Ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ṣì ń ho amọ̀ nítorí pé kò tíì yíjú wẹ̀yìn. Ó wo ibi tí yàrá wa wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú oórì ọkọ rẹ̀. Òjò nìkan ló rin ibẹ̀. Kò sí omi gọ́tà kankan tó kàn án.

"Bùsárì," ó pè é, "dìde. Ọmọ rẹ nìyí." Ó sọ Rábíù kalẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Bàbá yín ò ní fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Gbọọrọ. Mo ń retí pé Gbọọrọ á ní, "Ṣé mi ò sọ fún yín?" Kò sọ bẹ́ẹ̀. Fìlà rẹ̀ ló ṣí, ó ní, "Ọmọ náà ńkọ́?" Wọ́n pe àfáà àdúgbò, kí ó má bàa jẹ́ pé a dẹ́ṣẹ̀. Àfáà ní bí omi bá ń lé òkú àti alààyè, alààyè ló lẹ́sẹ̀, òun ló yẹ kó gbé òkú. Wọ́n bi ìyá náà níbi tó fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ó ní ilẹ̀ gíga kan ṣoṣo ló wà nínú agbo ilé, kí wọ́n kó ìkòkò aró òun kúrò níbẹ̀. Bí aró ṣe kúrò nílé wa nìyẹn. Ẹ̀bá odò la ti ń ṣe é lẹ́yìn náà, ó jìn, àwọn ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn mi ò sì fẹ́ràn ìrìn náà. Ẹ ò bá ẹyọ ìkòkò kan. Nígbà míràn, mo máa ń jókòó, imú mi á máa wá òórùn náà kiri.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, àfáà ń ké kéwú, ọkọ mi fi ọkọ́ kékeré hú ilẹ̀. Nígbà tó sún mọ́ ọn, ó fi ọkọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kó o. Wọ́n ní kí àwa obìnrin wọlé. A wọlé. Ìyá Aláró ò wọlé, kò sì sẹ́ni tó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí wọn. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun, wọ́n ń to ohun tó kù nínú bàbá náà sí i. Ìyá náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ dúdú yẹn di etí aṣọ náà mú.

"Bàbá Bùsárì," ó ní, "ẹ dìde. Ọ̀nà dé."

Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sin ín, wọ́n ṣe àdúà. Gbọọrọ àti àwọn èèyàn rẹ̀ dúró lókèèrè, irinṣẹ́ lọ́wọ́, ẹnì kankan nínú wọn ò sì jókòó. Nígbà tí àdúà parí, ìyá náà fọ ọwọ́, ó padà wá sójúde, ó dúró létí oórì tó ti ṣófo náà.

"Ìyá," ni Gbọọrọ wí, "ẹ kọ́kọ́ wọlé ná."

"Mi ò wọlé. Ẹ gbẹ́ ẹ."

Kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n ń wo ara wọn. Ọkọ mi bọ́ sínú kòtò gọ́tà, ó gba dígà lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ó gbé e sókè. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí fún un pé kó gbẹ́ ẹ. Ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.